Prẹ́ṣọ̀ sílíńdà náítírọ́ọ̀sì nínú oòrùn Èkó: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá

Èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan tí ẹ máa kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa náítírọ́ọ̀sì (nitrous oxide, gáàsì tí à ń rọ sínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kó lè lágbára sí i), àwọn tó ń gbé níbi tí otútù ti ń mú ló kọ ọ́, gbogbo ariwo wọn ò ju kí ẹ ra hítà tó ń mú sílíńdà ẹ̀ gbóná, kí ẹ ra hítà. Nílùú Èkó ńbí, lóṣù kejì sí oṣù kẹta tí oòrùn bá ń gan èèyàn lórí, hítà kọ́ ló kàn. Bí sílíńdà yẹn ò ṣe ní gbóná kọjá ààlà ló kàn. Mo ti rí àwọn tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn àwọn ará òkè òkun bó ṣe wà, tí wọ́n tan hítà lọ́sàn-án gangan ní Ojúẹlẹ́gbà, ẹ́ńjìnì ló jìyà ẹ̀. Mo wá kó àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá ní ṣọ́ọ̀bù jọ síbí, kí ẹ má baà máa rìn nínú òkùnkùn.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni prẹ́ṣọ̀ yìí fẹ́ ṣe fún mi gan-an? Ṣebí tí gáàsì bá ti wà nínú ẹ̀, ó ti tó?

Kò tó o, àbúrò. Kíìtì tí ẹ rà yẹn, ìyẹn àwọn ohun èlò náítírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà pa pọ̀, àwọn tó ṣe é ti ka prẹ́ṣọ̀ kan lérò kí wọ́n tó yan jẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń wà láàárín 900 sí 950 psi (psi ni òṣùwọ̀n prẹ́ṣọ̀). Jẹ́ẹ̀tì ò gbọ́n, ihò lásán ni, ohun tí prẹ́ṣọ̀ bá tì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa jẹ́ kó kọjá. Epo ní tiẹ̀ ń bọ̀ láti fuel pump pẹ̀lú prẹ́ṣọ̀ tiẹ̀, ìyẹn ò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú búùtù tí sílíńdà wà. Tí prẹ́ṣọ̀ sílíńdà bá wá lọ sílẹ̀, náítírọ́ọ̀sì tó ń wọlé á dín, epo á pọ̀ jù fún un, mọ́tò á wúwo, á máa tu èéfín dúdú, agbára tí ẹ torí ẹ̀ náwó ò ní jáde. Ìyẹn ṣì dáa, torí kò bà á jẹ́. Èyí tó ń bani lẹ́rù ni tó bá lọ sókè jù. Náítírọ́ọ̀sì á pọ̀ ju epo lọ, iná inú ẹ́ńjìnì á gbóná ré kọjá, ẹ ó gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ nínú ẹ̀, tí ẹ ò bá sì tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò, orí písítìnì á yọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ohun tó ń gba jẹ́ẹ̀tì kọjá kì í bá prẹ́ṣọ̀ lọ ní dọ́gbadọ́gba, square root ẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Tí a bá fi ojú prẹ́ṣọ̀ nìkan wò ó, láti 950 bọ́ sí 800, bíi 8 nínú 100 ló dín. Láti 950 lọ sí 1,150, bíi 10 nínú 100 ló lé. 10 yẹn kéré lójú, àmọ́ ẹ rántí pé epo ò lé rárá, ibi tó sì wà tẹ́lẹ̀ náà ni iná pọ́lọ́ọ̀gì ṣì ń ta sí. Náítírọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, tí a bá fi ìwọ̀n wúwo ẹ̀ kà á, bíi 36 nínú 100 jẹ́ oxygen, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ò ju bíi 23 lọ. Nǹkan líle ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú díwọ̀n.

Èló ni kí n máa wò lórí géèjì?

Ẹ ka ìwé kíìtì yín lákọ̀ọ́kọ́, torí ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ló borí tèmi. Tí ìwé ti sọnù, tó jẹ́ pé tòkunbọ̀ lẹ rà, èmi máa ń lo 950 fún ọkọ̀ tí a bá ṣètò ẹ̀ níbí. Láti 900 dé 1,000, mi ò ní sọ nǹkan kan. Tó bá ti wà lábẹ́ 850, ẹ má tẹ bọ́tìnnì náítírọ́ọ̀sì, kò ní ìwúlò. Tó bá ti kọjá 1,050, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, kódà bí ẹni tí ẹ jọ fẹ́ sáré bá ti dúró sórí ìlà tó ń dúró dè yín.

Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù ni pé kó jẹ́ nọ́ńbà kan náà nígbà gbogbo. Tí ẹ bá ṣètò ọkọ̀ yín lórí 950, 950 náà ni kí ẹ máa bá a lò. Ẹni tó ṣètò ẹ̀ lórí 950 lánàá tó wá ń lò ó lórí 1,080 lónìí, ọkọ̀ míì ló ń wà yẹn, kò kàn mọ̀ ni.

Kí ló ń mú prẹ́ṣọ̀ yìí lọ sókè sódò? Mi ò fi ọwọ́ kàn án.

Ìgbóná ni. Náítírọ́ọ̀sì inú sílíńdà, omi ló jẹ́ nísàlẹ̀, gáàsì lókè. Prẹ́ṣọ̀ tí ẹ ń rí, bí omi yẹn bá ṣe gbóná tó ló ń sọ ọ́. Àwọn nọ́ńbà yìí ẹ lè kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú búùtù: ní 0°C, bíi 450 psi. Ní 10°C, bíi 580. Ní 20°C, bíi 735. Ní 25°C, bíi 820. Ní 30°C, bíi 915. Ní 35°C, bíi 1,020.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé 30 sí 33°C ni ibi tí à ń wá wà, Èkó lọ́sàn-án sì rèé. Ọlọ́run ti fún wa ní prẹ́ṣọ̀ tí àwọn ará ibi otútù ń náwó iná lé lórí. Àmọ́ ewu ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Tí ó bá dé 36.4°C, bíi 1,050 psi, omi ò sí mọ́, gáàsì ò sí mọ́, méjèèjì ti pòórá mọ́ra wọn. Èyí tó ń jáde lẹ́yìn ìyẹn ti fúyẹ́ ju omi lọ, tó bá sì ṣe ń gbóná sí i ló ṣe ń yàtọ̀ sí i, kò sí jẹ́ẹ̀tì tí a ṣírò fún un. Ìdí nìyẹn tí sílíńdà tó gbóná jù fi máa ń ṣe ségesège, lónìí mọ́tò á fò, lọ́la á kọ́. Torí náà, abẹ́ 36°C ni kí ẹ jẹ́ kó máa gbé.

Mo páàkì sí Marina láti àárọ̀, mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, géèjì ti kọjá 1,300. Ṣé ó máa bú?

Kò ní bú lójú ẹsẹ̀, tó bá jẹ́ sílíńdà gidi. Èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, 1,800 psi ni wọ́n kọ sí i lára pé ó lè máa gbé déédéé, ó tún ní awo tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára fáàfù tó máa ń já ní nǹkan bíi 3,000, kí gáàsì lè tú jáde kí sílíńdà fúnra ẹ̀ tó fà ya. Ẹ má fi ọwọ́ kan awo yẹn o, ẹ má ní kí panel beater bá yín fi irin dí i, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é.

Ohun tí a máa ń ṣe nìyí. Ọkọ̀ kan dé bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹta, Honda End of Discussion dúdú, gìláàsì pa pátápátá. A ṣí búùtù, ooru rọ́ lù wá lójú. Ara sílíńdà ò ṣeé gbé ọwọ́ lé. A rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi pure water tútù, a fún un díẹ̀ kó má máa ṣàn sórí wáyà, a wé e mọ́ ọn láti ọrùn dé ìdí, a wá kó ọ̀rá pure water tó ti dì gbagidi lé e lórí. Abẹ́rẹ́ géèjì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 1,200, 1,100. Nígbà tó fi máa kan 1,000 a ti tú táwẹ́ẹ̀lì kúrò, torí ara irin ti tutù ju inú lọ, prẹ́ṣọ̀ ṣì máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó yìnyín kúrò. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí géèjì ka 950 kó tó kó o kúrò, 850 ló máa bá.

Àwọn kan máa ń fẹ́ tú gáàsì dànù kó lè sáré wálẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ owó lẹ ń tú sáfẹ́fẹ́. Tó bá pọn dandan, ìta gbangba ni, kì í ṣe inú gáráàjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa, torí náítírọ́ọ̀sì máa ń lé afẹ́fẹ́ tí ẹ fẹ́ mí kúrò, ẹ ò sì ní tètè mọ̀.

Èyí tó dáa jù ni kó má gbóná rárá. Ẹ yọ sílíńdà kúrò nínú ọkọ̀ tí ẹ ò bá lò ó lọ́jọ́ yẹn. Brákẹ́ẹ̀tì tó ń yára tú wà, ẹ ra ìyẹn, ó ju hítà lọ fún ẹni tó ń gbé Èkó. Tí ẹ ò bá lè yọ ọ́, ẹ wá ìbòòji páàkì sí, ẹ wé sílíńdà ní jákẹ́ẹ̀tì tó ń dáàbò bò ó, ẹ ṣí àga ẹ̀yìn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ AC lè dé búùtù nígbà tí ẹ bá wà nínú gosiló.

Kí ló dé tí ti ọ̀rẹ́ mi ò kọjá 1,150 nígbà tí tèmi ń lọ sí 1,500, tó sì jẹ́ pé ibì kan náà la páàkì sí?

Ẹ lọ wò ó, tiyín ló kún jù. Sílíńdà tó kún dé ìwọ̀n ẹ̀, tó bá ti di bíi 30°C, omi inú ẹ̀ ti wú débi pé àyè gáàsì lókè ti fẹ́ẹ̀ tán. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbóná tó bá tún wọlé, prẹ́ṣọ̀ ló ń sọ ọ́ dà ní kíákíá torí kò sí ibi tí omi fẹ́ wú sí mọ́. Èyí tó ti lọ dé ìdajì ṣì ní àyè, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń gòkè.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi kún un ju ìwọ̀n lọ láyé. Sílíńdà tí wọ́n kọ 10 lb sí, 10 lb ni kí wọ́n rọ sínú ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ènì lé e bí ẹni tó ń ta gàrí. Lójú òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti rọ ọ́. Ẹni tó bá ní òun ò ní òṣùwọ̀n, òun mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ gbé sílíńdà yín ẹ máa bọ̀. Nínú àwọn ohun tó ń já awo fáàfù yẹn, ìkúnjù àti oòrùn ló ṣáájú.

Ṣé kò wá sí ìdí kankan tí èèyàn fi máa ra hítà l'Ékòó nìyẹn?

Ó wà o, mi ò sọ pé kò wà. Ní àárọ̀ kùtùkùtù tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ó lè lọ sí 21, 22°C, ìyẹn ò ju nǹkan bíi 750 psi lọ. Ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú tí ọ̀run ṣú, 24, 25 ni, bíi 800. Lóru náà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ìgbà yẹn lẹ máa ń sáré, hítà wúlò gan-an. Ó tún wúlò láàárín eré kan sí èkejì, torí lílò fúnra ẹ̀ máa ń mú sílíńdà tutù, mo máa tó dé ibẹ̀.

Àmọ́ kó jẹ́ èyí tó ní sẹ́ńsọ̀ prẹ́ṣọ̀, tó máa pa ara ẹ̀ tó bá ti dé ibi tí ẹ ní kó dé. Èyí tó jẹ́ tẹmọsítáàtì nìkan tó ń lẹ̀ mọ́ ara irin, ó máa ń tètè ṣìnà níbí torí inú búùtù fúnra ẹ̀ ti gbóná, á máa ka ooru búùtù mọ́ ti sílíńdà. Èyí tí kò ní méjèèjì, tó jẹ́ pé swítíìṣì lásán lẹ fi ń tan án tí ẹ fi ń pa á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Gosiló kan ṣoṣo lórí Third Mainland Bridge tí ẹ gbàgbé pé ẹ tan án, wàhálà dé.

Rẹ̀wáyà mi ní òun á so hítà mọ́ wáyà rédíò. Ṣé ó dáa?

Kò dáa rárá. Hítà 12 volt máa ń fa bíi 20 sí 30 amp, wáyà rédíò á yọ́, bóyá kó tún gbiná. Láti bátìrì tààrà ni kó ti wá, wáyà tó nípọn, fíúùsì nítòsí bátìrì, rílè láàárín, swítíìṣì wá máa pàṣẹ fún rílè. Kí ẹ sì so ó kó jẹ́ pé tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́ hítà náà á kú. Ẹ tan ẹ́ńjìnì nígbà tí hítà bá ń ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì á kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Àwọn kan ní kí n gbé e sínú omi gbígbóná, òmíràn ní kí n fi iná gáàsì rà á lára díẹ̀. Èwo ni ká gbà?

Iná, rárá. Yálà ti gáàsì, ti sítóòfù, ti blow lamp tí àwọn panel beater ń lò, tàbí heat gun. Aluminium ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sílíńdà yìí, tí iná bá rà á lójú kan, ojú yẹn á rọ̀, ẹ ò ní rí i lójú, prẹ́ṣọ̀ ló máa rí i. Sílíńdà tí iná ti kàn rí, ẹ má tún rọ nǹkan kan sí i mọ́, kódà tí ọ̀dà ara ẹ̀ bá ṣì ń dán.

Omi, bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ yín lè wà nínú ẹ̀ pẹ́ láìta yín. Kì í ṣe èyí tó ń hó. Ẹ jẹ́ kí fáàfù wà lókè omi, kí ẹ sì máa wo géèjì, ẹ má gbé e síbẹ̀ kí ẹ lọ jẹun.

Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ eré, 950 ni. Tí mo bá fi máa parí, ó ti já sí 820. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ ti rí sílíńdà gáàsì tí àwọn olóúnjẹ fi ń se ìrẹsì lóde ìnáwó, bó ṣe máa ń tutù tí omi á máa lààgùn lára ẹ̀, nígbà míì yìnyín á bò ó nísàlẹ̀ tí iná á bẹ̀rẹ̀ sí í kú? Nǹkan kan náà ni. Tí omi inú ẹ̀ bá ń jáde, àyè ń ṣí sílẹ̀, díẹ̀ nínú omi tó kù gbọ́dọ̀ hó kó lè di gáàsì tó máa dí àyè yẹn, ooru tó fi ń hó, ara ẹ̀ náà ló ti ń fà á. Torí náà ó ń tutù, prẹ́ṣọ̀ ń tẹ̀lé e. Hítà ò lè gbà yín níbí, torí eré yín ò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, hítà nílò ìṣẹ́jú gidi kó tó gbé e sókè padà.

Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí sílíńdà tóbi ju ohun tí ẹ fẹ́ fà lọ. Ẹni tó ń fa 150 hp (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnì) nínú sílíńdà kékeré, prẹ́ṣọ̀ ẹ̀ á ré lulẹ̀ ju ti ẹni tó ń fa 75 nínú 10 lb lọ. Àwọn kan máa ń so sílíńdà méjì pọ̀ kí méjèèjì jọ pín in. Kí ẹ sì má lò ó dé ìsàlẹ̀ pátá, tó bá ti ku bíi ìdámẹ́rin, prẹ́ṣọ̀ á ti máa ṣe bó ṣe wù ú. Tí ẹ bá mọ̀ pé ó máa ń já tó 100, ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè díẹ̀, bíi 980, kí ẹni tó ń ṣètò epo fún yín sì ṣe é fún ààrin ọ̀nà, kì í ṣe fún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan.

Àwọn tó ń sáré gidi máa ń lo nitrogen. Wọ́n á so sílíńdà nitrogen tó ní prẹ́ṣọ̀ gíga mọ́ ti náítírọ́ọ̀sì, pẹ̀lú régúlétọ̀ láàárín, nitrogen yẹn á máa ti náítírọ́ọ̀sì láti òkè kó lè wà lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dáa gan-an, òun ló sì dúró sójú kan jù lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni, torí sílíńdà kejì tún ti wọ inú ọkọ̀ nìyẹn, régúlétọ̀ tó bá ṣàìsàn sì lè ti gbogbo prẹ́ṣọ̀ yẹn lu èyí tí kò lè gbé e. Fún Camry Muscle tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ikeja, kò pọn dandan.

Géèjì ń ka 950 dáadáa, àmọ́ mọ́tò ń kọ́ tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, ó tún ń fò, ó tún ń kọ́.

Prẹ́ṣọ̀ kọ́ nìyẹn nígbà náà, ohun tó ń dé jẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ kọ́kọ́ wo fáàfù sílíńdà, ṣé ẹ ṣí i tán? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yí i lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n rò pé ó ti tó. Fáàfù tí kò ṣí tán, géèjì lè máa ka 950 nígbà tí nǹkan kan ò sáré, tí ẹ bá tẹná báyìí, prẹ́ṣọ̀ níwájú á ti lọ sílẹ̀. Ẹ ṣí i dé òpin. Ẹ wo fílítà ojú ọ̀nà náà, eruku inú sílíńdà tòkunbọ̀ máa ń dí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí sílíńdà ṣe dùbúlẹ̀. Ọ̀pá kan wà nínú ẹ̀ tó tẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, òun ló ń fa omi. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ kọjú sókè, kí fáàfù kọjú síwájú ọkọ̀, kí iwájú yẹn sì ga díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Tí ọkọ̀ bá fò síwájú, omi á sá sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀pá wà. Tí wọ́n bá dì í sí òdì, gáàsì ni ọ̀pá á máa fà dípò omi, mọ́tò á máa kọ́ bí ẹ ṣe wí yẹn. Mo ti rí èyí tí wọ́n dì dáadáa tí ọmọ iṣẹ́ wá yí i po nígbà tó ń tún un dì lẹ́yìn tí wọ́n rọ gáàsì, orúkọ kọjú sílẹ̀, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì wò kí ẹnì kankan tó ṣí búùtù.

Ẹ tún wo ibi tí laìnì, ìyẹn páìpù tó ń gbé náítírọ́ọ̀sì lọ síwájú, gbà. Tó bá kọjá nítòsí sàlẹ́ńsà, omi inú ẹ̀ á hó kó tó dé iwájú. Ẹ gbé e jìnnà. Kí ẹ tó sáré, ẹ purge, kí gáàsì tó wà nínú laìnì jáde kí omi tútù dé ẹnu solenoid, ìyẹn fáàfù tó ń fi iná mànàmáná ṣí. Tí ẹ bá rí i tó funfun tó le tó ń jáde, omi ti dé nìyẹn. Tó bá ń fẹ́ fáá lásán tí kò ní funfun, kò tíì dé.

Géèjì ṣì ń ka 900, ṣé gáàsì ṣì pọ̀ nìyẹn?

Géèjì ò mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi díẹ̀ bá ṣì wà nínú ẹ̀, èyí tó kún àti èyí tó ti fẹ́ẹ̀ tán lè ka nọ́ńbà kan náà lábẹ́ oòrùn kan náà. Òṣùwọ̀n ló mọ̀. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n sílíńdà òfìfo sára ẹ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ yọ ìwọ̀n yẹn kúrò, èyí tó kù ni náítírọ́ọ̀sì yín.

Ẹni tó ń rọ gáàsì ìdáná ládùúgbò wa ní òun lè bá mi wá sílíńdà tí owó ẹ̀ ò pọ̀. Tàbí kí n lo ti CNG?

Ẹ má ṣe é, mo bẹ̀ yín. Gáàsì ìdáná ò ní prẹ́ṣọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí, sílíńdà ẹ̀ ò lágbára láti gbé 900 psi, ó lè fà ya. Ti CNG lágbára lóòótọ́, bíi 200 bar, ìyẹn bíi 2,900 psi, ló ń gbé, àmọ́ kò ní ọ̀pá tó ń fa omi, fáàfù ẹ̀ yàtọ̀, àti pé gáàsì tó ń jó ni wọ́n ti ń fi sínú ẹ̀. Náítírọ́ọ̀sì jẹ́ ohun tó ń ran iná lọ́wọ́, kó má pàdé ìyókù gáàsì tàbí òróró nínú sílíńdà kan náà láé. Ìdí yẹn náà la kì í fi girísì tàbí ọ́ìlì sí okùn fáàfù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, bó ti wù kó le tó láti tú.

Ṣé mo lè dán an wò lóru lórí Third Mainland?

Rárá. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú dánfó kò bá yín sáré. Ibi tí wọ́n dí pa mọ́ ọkọ̀ míì, tí wọ́n ṣètò ẹ̀ fún eré nìkan, ni kí ẹ ti dán an wò.

Ọ̀gá, mo rí sílíńdà tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, owó ẹ̀ dáa. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ wá déètì tí wọ́n fi irin tẹ̀ sí èjìká ẹ̀. Ọdún 5-5 ni wọ́n máa ń fi omi tẹ̀ ẹ́ dánwò, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rọ ọ́ fún yín àyàfi tí wọ́n bá tún un dán wò. Ẹ wò ó bóyá ó fọ́ sínú níbì kan, bóyá wọ́n kun ọ̀dà tuntun lé ibi tó ti jóná tàbí ibi tó ti jẹ. Ẹ wò ó bóyá ó kọ 1,800 sí ara ẹ̀. Ẹ wo awo fáàfù, ṣé òun náà ni wọ́n fi sí i àbí bóòtù lásán ni wọ́n fi dí i. Ẹ gbé e mì lẹ́bàá etí yín, tí nǹkan bá ń pariwo nínú ẹ̀, ọ̀pá inú ẹ̀ ti já nìyẹn. Ẹ wo géèjì náà, nígbà tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀, odo ló yẹ kí abẹ́rẹ́ wà. Tó bá jókòó sórí 100 nígbà tí sílíńdà ṣófo, gbogbo nọ́ńbà tó bá kà fún yín lẹ́yìn ìgbà náà irọ́ ni, ẹ ra géèjì tuntun kí ẹ tó ra nǹkan míì.